Ère tí atẹ́gùn ń yí létí omi, tí èèyàn ń to orin sí lára: bí a ṣe kọ́ ọ àti gbogbo ibi tí a ti ṣì í ṣe

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé ère yìí nàró létí omi, atẹ́gùn ń fẹ́, àsíá orí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń fì, aṣọ àwọn tó wá wò wá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ère tiwa dúró gbagidi. Wákàtí méjì la fi dúró tì í. Mo fọwọ́ tì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á yí díẹ̀, á tún dúró. Oṣù mẹ́rin la ti fi ṣe é o. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé kékeré kan, inú ìwé yẹn ni mo ti ń da èyí kọ, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ má lọ gba ibi tí a gbà sọnù.

Bó ṣe rí nìyí. Òpó irin kan ló wà láàárín, ìyẹ́ wà lórí ẹ̀, òun ni atẹ́gùn ń yí. Ṣáfùtù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń bá ìyẹ́ yí, gba inú òpó sọ̀ kalẹ̀ wá yí àgbá kan ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé. Àgbá yẹn ní ihò 96 lára, ìlà 6, ihò 16 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Èèyàn á ki èèkàn sínú ihò tó bá wù ú, bí àgbá bá ti ń yí, èèkàn á ti òòlù kan tó so rọ̀ sẹ́yìn, òòlù á já padà, á gbá páìpù, páìpù á dún. Òòlù 6, páìpù 6, ohùn 6. Atẹ́gùn ló ni ìyára, ẹni tó dúró síbẹ̀ ló ni orin.

A kọ́kọ́ rò ó pé ká ṣe irú ti Zadar ní Croatia, èyí tí Nikola Bašić ṣe tí wọ́n ṣí ní 2005: páìpù 35 ló wà lábẹ́ àwọn àtẹ̀gùn etí òkun, ìgbì omi ló ń ti afẹ́fẹ́ gba inú wọn tí wọ́n fi ń kọrin. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé kò sí nǹkan kan tó ń yí, kò sí bẹ́ríìnì, òrùka irin tí ọ̀pá ń yí nínú ẹ̀, tó máa dípẹtà. Ṣùgbọ́n ìgbì tiwa ò lágbára, a sì fẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan nǹkan kí nǹkan yí padà lójú ẹ̀. Bá a ṣe lọ sórí atẹ́gùn nìyẹn.

1. Wíwọn atẹ́gùn (ọjọ́ 14)

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyí, òun ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù. Ọ̀sán gangan nìkan ni mo lọ wọn atẹ́gùn, ní gíga orí mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí wọ́n fi dá etí omi dúró. Ẹ̀rọ ìwọn ọlọ́wọ́ sọ pé mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mo fi nọ́ńbà yẹn ṣe gbogbo ìṣirò. Ọ̀sán sì ni atẹ́gùn etí òkun máa ń le, torí ilẹ̀ ti gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gòkè, ti orí omi á wá rọ́pò ẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí àwọn èèyàn ń jáde wá najú gan-an, á rọlẹ̀, tó bá di òru ó lè yí padà kó máa fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sórí omi.

Ìgbà tí mo padà lọ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 14, ti ìrọ̀lẹ́ jẹ́ 2.1 ní gíga orí. Ní gíga mítà 4.5, ó jẹ́ 3.4. Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yẹn o, torí agbára inú atẹ́gùn kì í lọ ní ọ̀kan sí ọ̀kan: tí ìyára bá di ìlọ́po 2, agbára á di ìlọ́po 8. Láti 2.1 sí 3.4, agbára ti ju ìlọ́po 4 lọ.

Ohun tó là mí lójú jù ni ọparun kan. Mo so ọ̀já kéékèèké mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀ dókè, mítà 5, mo gbé e dúró níbi tí ère máa wà. Ọ̀já tó wà ní mítà 1 ń yí bírí bírí, kò mọ ibi tó ń lọ. Èyí tó wà ní mítà 2.5 ń nà sókè, atẹ́gùn tó kọlu ògiri etí omi ló ń fò gba òkè níbẹ̀. Àfi ìgbà tó tó nǹkan bíi mítà 4 kí ọ̀já tó nà gbọọrọ síbi kan. A gbé ìyẹ́ kúrò ní mítà 2.5 tí mo ti yà á sí, a gbé e lọ sí orí òpó mítà 4. Ọparun yẹn ò ná wa ní nǹkan kan, mi ò bá ti kọ́kọ́ lò ó.

2. Ìyẹ́

Irú èyí tí Sigurd Savonius, ará Finland, gbé jáde láàárín ọdún 1920 sí 1930 la lò. Ẹ ro ó bí ẹni la dúrọ́ọ̀mù sí méjì lóòró, tó wá sún àwọn ìdajì náà gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá díẹ̀, kí ọ̀kan dojú kọ atẹ́gùn, kí èkejì kẹ̀yìn sí i. Kò lágbára tó àwọn ìyẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná, ṣùgbọ́n ibi yòówù kí atẹ́gùn ti wá ó ń gbà á, etí ẹ̀ kì í sì í sáré púpọ̀ ju atẹ́gùn fúnra ẹ̀ lọ. Ibi tí ọmọdé pọ̀ sí, irú ẹ̀ ló yẹ.

Àkọ́kọ́: dúrọ́ọ̀mù irin méjì gidi, a là wọ́n, a to ọ̀kan lé èkejì. Pẹ̀lú férémù ẹ̀, ó jẹ́ kg 52. Ó wúwo, èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé dúrọ́ọ̀mù ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kọjú síbì kan náà, torí náà igun kan wà tó jẹ́ pé bó bá ti dúró síbẹ̀, atẹ́gùn ò lè gbé e kúrò. Àá fọwọ́ tì í kúrò, á yí, tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀ díẹ̀ á tún padà lọ dúró sí igun yẹn.

Ìkejì: alumíníọ̀mù 1.2 mm, a ká etí ẹ̀ kó má baà gé èèyàn. Àjà méjì, ìkọ̀ọ̀kan ga 0.9 mítà, ti òkè fi ìdá mẹ́rin ìyípo yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá wà ní igun tó ti ń kú, èkejì á wà níbi tó lágbára. Fífẹ̀ ìdajì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 660 mm, wọ́n fi 120 mm gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, gbogbo ẹ̀ wá fẹ̀ tó mítà 1.2. A fi àwo pẹlẹbẹ dé òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ẹ má yọ àwo yìí kúrò nítorí pé ẹ fẹ́ kó fúyẹ́, òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn yọ́ jáde lókè nísàlẹ̀. Kg 26 ni gbogbo ẹ̀.

3. Bẹ́ríìnì (ibi tí iṣẹ́ ti há gan-an)

Bí ẹ bá máa ka ibì kan nínú gbogbo èyí, ẹ ka ibí.

Mo ti lo bẹ́ríìnì 6206 méjì (nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ irú bẹ́ríìnì), èyí tó ní rọ́bà lójú méjèèjì, tuntun, tó kún fún gíríìsì. Bẹ́ríìnì tó dáa ni. Mo rò ó pé bí mo bá ti ra ojúlówó, ó parí. Nígbà tí ère ò yí, gbogbo wa ń bínú sí atẹ́gùn, kò sẹ́ni tó ronú kan bẹ́ríìnì, títí ọmọkùnrin tó ń bá wa jó irin fi sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wọn bó ṣe le tó ná, ká yé méfò."

Bá a ṣe wọ̀n ọ́n nìyí, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. A fi àwo onígi kan mọ́ ṣáfùtù, èyí tó jẹ́ pé láti àárín ẹ̀ sí etí jẹ́ 100 mm. A wé okùn mọ́ ọn, a gbé okùn gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan, a so ike omi òfìfo mọ́ ẹnu ẹ̀. A wá ń bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ títí ṣáfùtù fi yí. Ike náà gba kg 2.3 kó tó mì. Ìṣirò wa sì sọ pé ní atẹ́gùn mítà 3, gbogbo ohun tí ìyẹ́ lè mú wá kò ju bíi kg 1.4 lọ lórí okùn yẹn. Kò lè yí láéláé. Bí a bá dúró síbẹ̀ fún ọdún kan, kò ní yí.

Ohun mẹ́ta ló fà á:

Ìkíní, a fi iná jó ilé bẹ́ríìnì mọ́ òpó. Irin tí iná bá jó, bó ti ń tutù ló ń fà, ilé bẹ́ríìnì ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ò wá sí lójú ìlà kan náà mọ́. Ojú ò lè rí i, ṣùgbọ́n nígbà tí a na okùn gba àárín méjèèjì, ó fi 3 mm yẹ̀. Ṣáfùtù ti tẹ̀ sínú bẹ́ríìnì kó tó di pé atẹ́gùn fẹ́.

Ìkejì, rọ́bà ojú bẹ́ríìnì àti gíríìsì tó ki. Fún mọ́tò tí ẹ̀rọ ń yí, kò ṣe nǹkan kan. Fún atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́, ó pọ̀ jù.

Ìkẹta, irú bẹ́ríìnì yẹn, ẹrù tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá ni wọ́n ṣe é fún jù, èmi wá gbé gbogbo ẹrù ìyẹ́ lé e lórí lóòró.

Àtúnṣe: ní ìsàlẹ̀, bẹ́ríìnì oníkóònù 30206, òun lè gbé ẹrù òòró kó tún gba ti ẹ̀gbẹ́. Lókè, 1206, èyí tí inú ẹ̀ lè tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ṣáfùtù bá yẹ̀ díẹ̀ kò ní bá a jà. A ò jó ilé wọn mọ́ òpó mọ́, bólùtù la fi mú un, a sì ń fi irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ ẹ̀ títí okùn fi gba àárín méjèèjì láìyẹ̀. Gíríìsì tó ṣàn la fi sí i, díẹ̀. Ní ti omi àti iyọ̀, dípò rọ́bà tó ń ra mọ́ ṣáfùtù, a fi fìlà irin bo bẹ́ríìnì, ó dorí kodò, etí ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju ẹnu ilé bẹ́ríìnì lọ, omi òjò á ṣàn gba etí fìlà, kò lè gun òkè wọlé. Kò sóhun tó kan ohun kan, torí náà kò sí ìfira rárá.

A tún so ike. Gíráàmù 240.

Mo rántí ọjọ́ yẹn dáadáa. Bí omi ṣe kan ìsàlẹ̀ ike báyìí, kò tíì tó ìkúùkù kan, ike ti ń sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọmọkùnrin yẹn kó omi dànù, ó tún un bù lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó rò pé okùn ló yọ̀.

4. Dídín ìyára kù

Ní atẹ́gùn mítà 5, ìyẹ́ ń yí bíi ìgbà 64 ní ìṣẹ́jú kan. Bí àgbá bá sáré tó bẹ́ẹ̀, orin ò sí, ariwo ni. A fẹ́ bíi ìyípo 6 ní ìṣẹ́jú kan, kí ihò 16 gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10.

A kọ́kọ́ fi àpótí jíà onísukúrúù kan sí i, àlòkù, ìdínkù 10, ìyẹn ni pé ó ń sọ ìyípo 10 di 1. A so ike omi mọ́ òun nìkan, ó gba kg 1.4 kó tó mì. Gbogbo ohun tí a jèrè lórí bẹ́ríìnì ló fẹ́ gbé jẹ. A yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Bẹ́líìtì eléyín la wá lò, ìpele méjì, kẹ̀kẹ́ eyín 20 sí eyín 64, lẹ́yìn náà 20 sí 64 lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jẹ́ ìdínkù 10.24. Kò fẹ́ òróró, kò sì bẹ̀rù iyọ̀.

5. Páìpù olóhùn

Alumíníọ̀mù, ìta 38 mm, ara ẹ̀ nípọn 3 mm. Tí ẹ bá fẹ́ kí ohùn lọ sókè, ẹ gé e kúrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdajì ìdajì: páìpù tó bá kúrú sí ìdajì, ohùn ẹ̀ á di ìlọ́po 4. Kí ohùn di ìlọ́po 2, ẹ fi 0.707 sọ gígùn di púpọ̀. Tiwa rèé, ní mm:

900, 848, 805, 735, 697, 636.

Ohùn márùn-ún ni, ìkẹfà ni ohùn àkọ́kọ́ tó tún padà wá lókè, ní ìlọ́po 2. A mọ̀ọ́mọ̀ yan márùn-ún tó bá ara wọn mu, kó lè jẹ́ pé bí ọmọ ọdún mẹ́ta bá ki èèkàn bó ṣe rí, kò ní dún burúkú létí.

Àṣìṣe tó wà níbí: ibi tí mo ti lu ihò láti so wọ́n kọ́. Mo lu ihò ní 40 mm sí etí, torí ó rẹwà lójú. A lù ú, ó dún "kọ̀", ó kú. Mo rò ó pé alumíníọ̀mù yẹn ò dáa. Páìpù tí a bá lù máa ń gbọ̀n bí ọrun, etí méjèèjì àti àárín ẹ̀ ló ń mì jù, ibi méjì péré ló wà lára ẹ̀ tí kì í mì, ibẹ̀ nìkan lèèyàn lè dì mú láìpa ohùn. Ìdá 22.4 nínú 100 gígùn ẹ̀ ni, láti etí kọ̀ọ̀kan. Páìpù 900, ihò ní 202 mm. 636, ihò ní 142.

Ẹni tí ìṣirò bá sú, kó fi iyọ̀ wò ó. Gbé páìpù lé orí fóòmù méjì, wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sórí ẹ̀ láti etí dé etí, kó o wá máa lu àárín ẹ̀ jẹ́jẹ́. Iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fò, á máa rìn, á kúrò létí, á kúrò láàárín, títí á fi kóra jọ sí ìlà tín-ínrín méjì. Ibi tó kóra jọ sí yẹn ni kó o lu ihò sí. A ṣe é fún páìpù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó lè dá wa lójú, ó bá ìṣirò mu. A tún gé páìpù tuntun, a so wọ́n, ohùn ń lọ fún ìgbà pípẹ́ kó tó kú.

Òòlù: ti irin dún jù, ó sì ń gún páìpù. Ti rọ́bà rírọ̀ ò dún. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni ike funfun líle tí wọ́n fi ń ṣe pátákó ìgé-ẹran.

6. Nígbà tí atẹ́gùn bá pọ̀ jù

Ìyẹ́ wá ń yí, inú wa dùn, a gbàgbé pé ọ̀nà méjì ni. Ọjọ́ kọkànlá, atẹ́gùn fẹ́ lóru, ẹ̀rọ ìwọn tí a fi sórí òpó kọ 13 sílẹ̀. Nígbà tí a máa fi débẹ̀ láàárọ̀, àjà òkè ti ya lójú bólùtù mẹ́ta, bólùtù kan ti bọ́ sílẹ̀ sórí ibi tí èèyàn ń rìn. Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀, a dúpẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹnì kan wà níbẹ̀, mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọjọ́ yẹn la fi okùn di ìyẹ́ mọ́lẹ̀, a ò tú u títí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí fi parí.

Àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ méjì ò dọ́gba. A tẹ́ ìyẹ́ sórí irin méjì tó tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ kan ń yí wá sílẹ̀ nígbà gbogbo. Gíráàmù 210 ló fi wúwo ju èkejì lọ ní etí. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ní ìyípo 60 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń fa òpó bíi ìdajì kg síhìn-ín sọ́hùn-ún, ní 120 á di kg 2, ní 150 á ju 3 lọ, ìgbà méjì ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo òru. Bólùtù wo ni ò ní tú. George Rickey, ará Amẹ́ríkà tó fi irin gígùn ṣe àwọn ère tí atẹ́gùn ń mì, òjé ló máa ń fi wọn ìyẹ́ ẹ̀ títí á fi dọ́gba. A ṣe bẹ́ẹ̀, a fi òjé díẹ̀díẹ̀ sí i títí ìyẹ́ fi dúró síbi yòówù tí a bá fi í sí.

Ìkejì, bíréèkì. A fẹ́ èyí tí ohun kan ò ní fi ra ohun kan. Ẹ gbé òòfà lílágbára kan sórí àwo pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù tó nípọn, kí ẹ wá gbé àwo náà dagun. Òòfà ò lè lẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù, síbẹ̀ kò ní já ṣòròṣòrò, á máa yọ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé oyin wà níbẹ̀. Bó bá ti ń sáré tó ni alumíníọ̀mù ń dá a dúró tó. A fi àwo alumíníọ̀mù mọ́ ṣáfùtù, a fi òòfà sí òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ó dá a dúró lóòótọ́. Ó tún dá atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ dúró! Ní mítà 3, ìyẹ́ tó ti ń yí bíi ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, kò ju 5 lọ mọ́. Bí ìyára atẹ́gùn bá di ìlọ́po 2, títì tó ń ti ìyẹ́ á di ìlọ́po 4, ti bíréèkì ò rí bẹ́ẹ̀, torí náà bíréèkì tó bá tó fún ìjì á ti pọ̀ jù fún atẹ́gùn tútù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wà lórí èyí. Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó jẹ́ ẹnjiníà wa ló tú u. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí òòfà wà níbẹ̀ títí ìgbà tí a bá nílò ẹ̀." A wá fi òòfà sórí apá kéékèèké mẹ́rin tó ń yí pẹ̀lú ṣáfùtù, sípíríǹgì dì wọ́n mọ́ àárín. Alumíníọ̀mù ò yí mọ́, ó di òrùka kan tó nípọn 10 mm, a dè é mọ́ òpó, àárín ẹ̀ ṣófo. Tí ìyẹ́ bá ń lọ jẹ́jẹ́, òòfà wà lórí ibi òfìfo, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Tó bá ti kọjá ìyípo 60, apá á bẹ̀rẹ̀ sí là, òòfà á yọ sórí òrùka, bíréèkì á mú. Ní atẹ́gùn 12, tó yẹ kí ìyẹ́ máa yí bíi 150, kò kọjá 90 mọ́.

Ìkẹta, ọwọ́ èèyàn. Láàárín bẹ́líìtì àti àgbá, a ò fi irin so wọ́n pọ̀. Àwo méjì ni, òòfà 12 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ike wà láàárín. Òòfà ń fa òòfà, àgbá ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá di àgbá mú, á yọ̀. A fi ìwọ̀n onísípíríǹgì fà á ní etí àgbá: ìgbà àkọ́kọ́ ó gba kg 9, ó pọ̀ jù fún ọmọdé, a sún àwo méjèèjì kúrò lára ara wọn títí ó fi di 2.5. Gbogbo àlàfo tí ìka lè wọ̀, a jẹ́ kó kéré sí 8 mm tàbí kó ju 25 mm lọ, èyí tó wà láàárín ni ìka ọmọdé máa ń há sí.

7. Òpó, ìpìlẹ̀, iyọ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí torí ẹnjiníà ló ṣe é, kí tiyín náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ìjì mítà 35 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, atẹ́gùn á fi bíi ẹrù kg 200 ti ìyẹ́, ní gíga tó sún mọ́ mítà 5. Òpó jẹ́ 168 mm, ara ẹ̀ 6 mm, bólùtù M20 mẹ́rin sínú kọnkéré.

Ti iyọ̀ la fọwọ́ ara wa ṣì ṣe. Bólùtù aláìdípẹtà lára alumíníọ̀mù, tí omi iyọ̀ bá wà láàárín wọn, alumíníọ̀mù ló ń jẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyẹ̀fun funfun ti ń tú jáde lábẹ́ orí bólùtù. A yọ gbogbo ẹ̀, a fi wáṣà ike àti ọrùn ike tó bo ara bólùtù sí ibi kọ̀ọ̀kan kí méjèèjì má fara kan ara. A tún ti ra irin aláìdípẹtà tí wọ́n ń pè ní 304 dípò 316 tó ń gba iyọ̀ mọ́ra jù, nítorí owó, àwọn tó wà lápá ibi tí omi ń ta sí ti ní àmì ìpẹtà pupa ní oṣù kejì. 316 la padà rà, ó ná wa lẹ́ẹ̀mejì. Kódà lára 316, ibì kan tún pupa, a wá rí i pé a ti fi òkúta ìlọrin tí a fi lọ irin lásán lọ òun náà, eruku irin ló lẹ̀ mọ́ ọn tó dípẹtà. Òkúta ọ̀tọ̀ fún un látìgbà yẹn.

8. Èèkàn

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a ṣí i fún àwọn èèyàn, èèkàn 11 sọnù. A fi okùn so ìyókù, okùn ń wé mọ́ òòlù, àgbá ń há. Ìgbà kẹta la tó rí i ṣe: èèkàn ò ṣeé yọ mọ́, inú ihò ló wà, èèyàn á tì í wọlé tàbí kó fà á jáde ní 20 mm, bọ́ọ̀lù kékeré pẹ̀lú sípíríǹgì á mú un dúró, á ní "kẹ̀" kékeré kan lábẹ́ ìka. "Kẹ̀" yẹn ni àwọn ọmọdé fẹ́ràn jù. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó kàn ń tì í wọlé, tó ń fà á jáde, kò tiẹ̀ wo páìpù.

Àwọn tó ń gbé nítòsí náà sọ ọ̀rọ̀ oorun, òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pá kan wà báyìí tí olùṣọ́ ń fà ní aago 10 alẹ́, á gbé òòlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò níwájú èèkàn. Ìyẹ́ á máa yí láìdún títí di aago 7.

9. Owó àti ibi tó dé

Tí ẹ bá pín gbogbo owó sí ọgọ́rùn-ún: òpó àti ìpìlẹ̀ 38, ìyẹ́ 17, àgbá àti èèkàn 16, bẹ́ríìnì, ṣáfùtù, bẹ́líìtì àti bíréèkì 14, páìpù àti òòlù 5. 10 tó kù jẹ́ ohun tí a rà lẹ́ẹ̀mejì nítorí àṣìṣe wa.

Kó tó yí, ó ń gba atẹ́gùn 5.5 tẹ́lẹ̀. Ó ń gba 1.9 báyìí. Lóṣooṣù a ń fi omi tí ò níyọ̀ fọ̀ ọ́, a ń gbá bólùtù kọ̀ọ̀kan wò, a ń so ike omi mọ́ ṣáfùtù. Tí ike bá ti gba ju gíráàmù 400 lọ, a máa tú bẹ́ríìnì. Títí di oṣù tó kọjá, 260 ni.

Ìrọ̀lẹ́ àná, atẹ́gùn wà ní 2.2. Mo lọ wọn ike. Ẹnì kan ti fa èèkàn méje péré jáde, gbogbo ẹ̀ lórí páìpù 900 àti 735, àlàfo gígùn láàárín wọn. Àgbá ń yí díẹ̀díẹ̀, ohùn kan á dún, á máa lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán kí èyí tó kàn tó dún. Bàbá àgbà kan jókòó sórí kọnkéré, ó ń gbọ́ ọ. Mo bi í pé ṣé ẹ̀yin lẹ tò ó bẹ́ẹ̀ sà. Ó ní òun bá a bẹ́ẹ̀ ni, kí n jọ̀ọ́ má fọwọ́ kàn án. Mo gbé ike omi mi, mo ní màá padà wá láàárọ̀.